Irin Àjàyí Lórí Mọ́tò, Láti Kọ́ńtàgórà Dé Ìṣẹ́

Jósẹ́fù Àjàyí, ọmọ Fádípẹ̀ tó gbin kòkó dé etí odò Ògbẹ̀sẹ̀. Àjàyí ògídí, tó dojú bolẹ̀ wáyé, tí agbẹ̀bí yí padà kó tó ké. Ọmọ Adéjọkẹ́ adúmáadán, tí í gúnyán fún àlejò kó tó bi í pé ta ni ọ́. Ọkọ Dúpẹ́. Bàbá Fọlákẹ́. Mẹkáníìkì tí í gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì láti ìkòríta, tí á ti sọ ibi tó ń dùn ún kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo tó kù.

Èmi Sámúẹ́lì àbúrò rẹ̀ wà lára àwọn tó lọ gbé òkú rẹ̀ wálé láti Kọ́ńtàgórà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti bi mí bí ọ̀nà ṣe rí, n kò sì lè máa sọ ọ́ lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́. Ohun tí mo rí nìyí.

Fọlákẹ́ ṣì ń rákòrò nígbà tí Àjàyí lọ sí Òkè Ọya. Ó wálé nígbà tí Dúpẹ́ ìyàwó rẹ̀ kú. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ọmọ náà wà nígbà yẹn. Láti ìgbà náà, ohùn bàbá rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́ lórí fóònù. Òun náà ti di tíṣà ní Ẹmùré báyìí, ó ti bímọ. Ní àárọ̀ tí a fẹ́ gbéra, ó wá bá mi nílé, ó kúnlẹ̀, kò dìde.

"Bàbá kékeré," ó ní, "gbogbo ayé ló ń sọ pé èmi àti bàbá mi jọra. Èmi ò mọ̀ ọ́n. Fọ́tò tó wà lọ́wọ́ mi ti ṣá. Ẹ bá mi gbé e dé kí ojú rẹ̀ tó bàjẹ́. Kí n ṣáà wò ó lẹ́ẹ̀kan."

Mo ní, "Wàá wò ó, ọmọ mi."

ÀLỌ

Àwa mẹ́ta la lọ. Bàbá Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa, àgbà ẹbí. Kò sí òkú tó ti òkèèrè wọ ilé wa tí kì í ṣe òun ló ṣíwájú rẹ̀. Èmi ṣìkejì. Ẹ̀kẹta ni Káyọ̀dé awakọ̀, ọmọ Ìkẹ́rẹ́, tó yọ àga ẹ̀yìn mọ́tò sítéṣọ̀n rẹ̀ kí pósí lè rí àyè wọ̀.

Káyọ̀dé kì í fi epo ṣeré. Kí a tó kúrò ní Adó, ó bu epo kún táńkì dé ẹnu, ó ní kí wọ́n fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin le dáadáa, ó sì kó gbogbo pàǹtí inú mọ́tò dànù: jáàkì tó ti bàjẹ́, páànù ògbólógbòó, àpò sìmẹ́ǹtì kan tó ti dì bí òkúta. Ó ní lójú ọ̀nà tí à ń lọ yìí, ilé epo pọ̀, epo ni kò sí.

Bí a bá ti gun òkè kan tán, á yọ gíà, á jẹ́ kí mọ́tò máa yí lọ fúnra rẹ̀.

"Kí ló dé tí mọ́tò dákẹ́?" Bàbá Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ bi í.

"Mo ní kó sinmi díẹ̀ ni, bàbá. Epo tó ń mu báyìí ò tó nǹkan."

"O fún mọ́tò ní ìsinmi, o ò fún èmi. Láti Ìfàkì ni mo ti fẹ́ tọ̀."

"Bàbá, bí a bá dúró, tí a tún gbéra, epo ni. Ẹ mú un mọ́ra díẹ̀."

"Kí n mú ìtọ̀ mọ́ra nítorí epo? Ẹ̀yin ọmọ Ìkẹ́rẹ́, orí yín ò pé."

A rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá ó dúró fún un, bàbá sọ̀kalẹ̀, ó ń bú u láti inú igbó.

Epo tí a bù ní Adó yẹn ló gbé wa kọjá Ìlọrin, tó gbé wa gun afárá Jẹ́bà, tó gbé wa kọjá kòtò Mọ́kwá, ibi tí tírélà ti ń rìn bí ẹni ń jó. Òun náà ló gbé wa wọ Kọ́ńtàgórà. A kò fi ẹ̀kán kún un. Káyọ̀dé fi ọwọ́ lu mọ́tò lórí bí ẹni lu ọmọ lẹ́yìn, ó ní ó ṣeun.

KỌ́ŃTÀGÓRÀ

Wọ́n ti ń dúró dè wá. Àwọn ọkùnrin jókòó sórí ẹní lábẹ́ igi dọ̀ngóyárò níwájú ṣọ́ọ̀bù Àjàyí. Lọ́dọ̀ wa, bí mọ́tò wa bá ti yọ lókèèrè báyìí, ẹkún á ti sọ. Àwọn ò ké. Wọ́n dìde, wọ́n na ọwọ́ sí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbé kẹ́tùlù omi fún wa kí a fi bọ́jú, wọ́n tún padà jókòó, wọ́n dákẹ́. Inú bí mi. Mo rò pé wọn ò fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n mi. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé bí wọ́n ṣe ń ṣọ̀fọ̀ níbẹ̀ nìyẹn, àti pé láti ìgbà tó ti kú ni wọ́n ti ń wá jókòó síbẹ̀.

Màlámù Ùsmánù ni onílé Àjàyí. Ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Àjàyí ló kọ́ ọ, nítorí náà Yorùbá Ìṣẹ́ ló ń sọ. Ulé ló ń pe ilé, uṣu ló ń pe iṣu. Hausa pọ́ńbélé, tó wé láwàní, ló di ọwọ́ mi mú tó ní, "Ẹ wọ ulé, ulé àbúrò yín nìyí." Ó ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹ̀gbọ́n ló yẹ kó wí. Omijé tí mo ti ń mú mọ́ra láti Ìṣẹ́ bọ́ níbẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ gbé túwó ìrẹsì jáde pẹ̀lú ọbẹ̀ kúkà. Ewé igi osè ni wọ́n fi ń sè é. Ó dúdú, ó ń yọ̀, òórùn rẹ̀ dà bí òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Inú abọ́ kan ni gbogbo wa ti jẹ ẹ́. Bàbá Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ fi ẹnu kàn án, ó dá ọwọ́ dúró. Èmi jẹ ẹ́, nítorí ọkùnrin kan tó jókòó tì mí, Gàrúbà tó ń wa tírélà, ń ti ẹran sí ẹ̀gbẹ́ mi nínú abọ́ náà. Bí mo bá tì í padà, á tún tì í wá. Kò wò mí lójú, kò sọ̀rọ̀. Títí ẹran fi tán.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni Gàrúbà tó sọ̀rọ̀, Màlámù ń túmọ̀ rẹ̀. Ó ní bí ènìyàn bá gbé mọ́tò wá fún Àjàyí pé ó ń mu epo jù, kì í sáré ṣí ẹ́ńjìnnì. Á kọ́kọ́ yí i ká. Á fi ẹsẹ̀ ta táyà bóyá ó rọ̀. Á fi ọwọ́ kan irin ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ó gbóná, bóyá bíréèkì ló dì í mú tí mọ́tò ń wọ́ ara rẹ̀. Á tú ohun tí mọ́tò fi ń mí jáde, á gbọn eruku rẹ̀ sí ojú ẹni tó ni ín. Lẹ́yìn náà ni á wo orí mọ́tò.

"Á ní: 'Ìwọ lò ń mu epo, mọ́tò kọ́! Kí lo gbé sórí?'" Màlámù ṣe é ní ohùn Àjàyí gan-an. Gbogbo àwọn tó jókòó sórí ẹní mi orí.

Wọ́n mú wa lọ wò ó níbi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí. Ojú rẹ̀ mọ́. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun tán, ó yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó ń fetí sí ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó ń tọ́jú àwọn òkú sọ fún wa pé oògùn tó wà lára rẹ̀ kò pọ̀, pé yóò gbé e délé bí a kò bá pẹ́ lọ́nà, bí a bá sì jẹ́ kó tutù.

Ọ̀rọ̀ irin ló kàn.

Àjàyí ní irin púpọ̀: fáìsì ńlá tó fi ń di irin mú, tí ẹni méjì ń gbé, bẹ́ǹṣì irin, ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ táyà, jáàkì tírélà, àwọn àpótí sípánà. Bàbá Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí wọn, ó ní kí wọ́n dì wọ́n mọ́ orí mọ́tò.

Gàrúbà ní òun ń bọ̀ wá já ẹrù ní Àkúrẹ́, òun á gbé gbogbo rẹ̀ dé Ìṣẹ́, òun ò ní gba nǹkan kan.

"Ẹ ṣeun," Bàbá Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ dáhùn. "Ṣùgbọ́n urin ọkùnrin kì í gbẹ́yìn rẹ̀ wọlé. Bí òkú bá dé ulé, tí urin rẹ̀ ṣì wà ní àjò, uṣẹ́ ló ṣì ń ṣe lọ́hùn-ún. Kò tíì sinmi."

Káyọ̀dé ní, "Bàbá, ẹ dákun. Epo tí Màlámù bá wa wá rí kò kún táńkì. Ó lè gbé òkú dé Ìlọrin. Kò lè gbé òkú àti irin. Kì í sì í ṣe ìwúwo nìkan. Ẹrù orí mọ́tò, atẹ́gùn á máa dì í mú. Ẹ wo ẹni tó gbé ilẹ̀kùn rù tó ń sáré."

"Ṣé ìwọ lo bí Àjàyí?"

"Rárá, bàbá."

"Ṣé ìwọ lo ni òkú?"

Gbogbo wọn wá ń wo èmi, nítorí èmi ni ọmọ ìyá Àjàyí. Màlámù Ùsmánù sún mọ́ mi, ó ní, "Àjàyí á bínú sí i o."

Mo mọ̀ pé á bínú sí i. Mo mọ àṣà ilé wa náà. Mo ní kí wọ́n gbé e.

ÀBỌ̀

A fi màrìwò sí iwájú mọ́tò kí ọ̀nà lè mọ ohun tí à ń gbé. Òfin wa lójú ọ̀nà kò ju méjì lọ. Bí a bá dé odò ńlá tàbí ìlú, a óò pe òkú ní orúkọ, a óò sọ ibi tí a dé fún un. Bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ pa iná mọ́tò títí a ó fi délé. Àwọn àgbà wa ní bí mọ́tò bá dákẹ́, òkú á rò pé òun ti dé, á sọ̀kalẹ̀ síbẹ̀.

Mọ́tò tó ń fò lọ ní àlọ ti di mọ́tò mìíràn. Ìdí rẹ̀ ti rẹlẹ̀, táyà ẹ̀yìn ti tẹ́ bí ẹ̀kọ tí wọ́n gbé òkúta lé. Òkè kékeré lásán, á bẹ̀rẹ̀ sí í kérora, Káyọ̀dé á padà sí gíà kejì. Okùn orí rẹ̀ ń hu bí ẹranko nínú atẹ́gùn. Éésì ń ṣiṣẹ́ kí pósí lè tutù, òun náà ń mu tirẹ̀. Mo jókòó níwájú, ojú mi wà lára abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí epo ṣe kù sí. N kò rí abẹ́rẹ́ tó ń sáré bẹ́ẹ̀ rí.

"Rọra díẹ̀," mo ní.

"Bàbá, bí mo bá sáré, atẹ́gùn á mu ún. Bí mo bá rọra, a ó pẹ́ lọ́nà, éésì á mu ún." Kò wò mí. "Èwo ni kí n ṣe?"

Ṣáájú afárá Jẹ́bà, tírélà kan ti dábùú ọ̀nà. Mọ́tò tò lọ bí ìlà àgbàdo. Àwọn awakọ̀ ti pa iná mọ́tò wọn, wọ́n na ara sábẹ́ tírélà, àwọn obìnrin ń ta ẹja díndín fún wọn. Oòrùn wà lágbede méjì orí. Mọ́tò tiwa nìkan ló ń kùn lórí ìlà náà, lójú kan, kò lọ, kò bọ̀.

Káyọ̀dé gbé ọwọ́ lé kọ́kọ́rọ́.

"Má pa á!" Bàbá Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ pariwo.

"Bàbá, lójú kan la wà! Epo ń jó, a ò sì rìn!"

"Nígbà tí wọ́n ń gbé òkú Jeremáyà ẹbí wa bọ̀ láti Ṣágámù, awakọ̀ pa iná mọ́tò ní Ọ̀wọ̀ nítorí pé ó fẹ́ jẹun. Ṣé mọ́tò náà dáhùn mọ́? Bi Sámúẹ́lì. Ó wà níbẹ̀."

Mo wà níbẹ̀ lóòótọ́. Èmi, Dáúdà ọmọ Fálànà, àti Òjó Kékeré tó ti kú, èjìká wa ni a fi gbé pósí kúrò ní ẹ̀gbẹ́ títì.

"Bátìrì rẹ̀ ló kú," Káyọ̀dé ní.

"Ìwọ ti rí i níbo? Wọn ò tíì bí ọ!"

Káyọ̀dé yíjú sí mi. "Bàbá Sámúẹ́lì, nǹkan méjì ló ń mu epo yìí. Ẹ bá mi pa ọ̀kan. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, éésì á kú pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n epo á ṣẹ́kù fún ọ̀nà. Ẹ́ńjìnnì ni àbí éésì?"

Mo wo ẹ̀yìn, mo wo pósí. Mo rántí Fọlákẹ́ lórí eékún rẹ̀. Mo tún gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Jeremáyà ṣe dákẹ́ ní Ọ̀wọ̀ yẹn.

Mo ní, "Pa éésì."

Bí wọ́n bá tún rán mi ní irú iṣẹ́ yẹn lónìí, n kò mọ̀ bóyá ẹnu mi á lè sọ pé kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì.

Oòrùn ti yẹ̀ kí ọ̀nà tó là. Nígbà tí a gun afárá, Bàbá Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ yọ orí síta, ó pè é: "Àjàyí! Odò Ọya rèé o! Má sọ̀kalẹ̀. Ulé là ń lọ." Omi náà gbòòrò, ó pupa, kò dá a lóhùn.

BÓDÈ SÁADÙ

A kò tilẹ̀ wọ ìlú. Mọ́tò wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó fà tìkọ̀tìkọ̀ dé ẹ̀gbẹ́ títì, ó dákẹ́ fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tó pa á.

Bàbá Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ sọ̀kalẹ̀, ó lọ dúró sí ẹ̀yìn mọ́tò. Mo gbọ́ tó ń sọ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bẹ ọmọdé, "Àjàyí, ibí kọ́. Ibí kọ́ o."

Káyọ̀dé gbé kẹ́ẹ̀gì. Gbogbo ọlọ́kadà tó dúró ló rí màrìwò, wọ́n tún tẹ ọ̀kadà wọn lọ. Ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ.

Kò sí igi níbẹ̀ tó ga ju ènìyàn lọ. Orí mọ́tò gbóná débi tí ọwọ́ kò gbà á. A ṣí gbogbo ilẹ̀kùn. Obìnrin Fúlàní kan ń kọjá lọ pẹ̀lú igbá wàrà lórí. Ó wo màrìwò, ó wo pósí, ó wo wá. Kò kí wa. Ó yà sínú igbó, mo sì rò pé ẹ̀rù ló bà á. Ẹ wò ó, obìnrin yìí padà wá pẹ̀lú ẹní àti korobá omi. Ó ta ẹní náà bo orí pósí láti ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó sì ń bu omi wọ́n ọn. Omi tán, ó tún lọ pọn. Ibi tó ti ń pọn ọ́n jìnnà. Mo rí i bó ti ń kéré lọ lójú ọ̀nà, tó tún ń tóbi bọ̀. Nígbà tí mo na ọwọ́ sí àyà mi tí mo ní "Sámúẹ́lì," ó na ọwọ́ sí tirẹ̀, ó ní "Hàwá." Gbogbo ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ nìyẹn.

Èmi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ òórùn náà. Mo rí i nígbà tí Bàbá Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ náà gbọ́ ọ, nítorí ó fi etí aṣọ rẹ̀ bo imú, ó tún yára sọ ọ́ kalẹ̀, bí ẹni pé Àjàyí lè rí i. Hàwá kò bo imú. Ó ń bu omi.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí Káyọ̀dé dé, ètè rẹ̀ ti là. Epo ọwọ́ rẹ̀ kò kún kẹ́ẹ̀gì. Ó dà á sínú táńkì, ó dúró.

"Ó lè gbé wa dé Ìlọrin," ó ní. "Ṣùgbọ́n kò lè gbé irin. N kò ní tan yín jẹ."

Bàbá Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ gbé ojú sókè. Ó pẹ́ tó ti ń wo òkè mọ́tò. Lẹ́yìn náà ló fi ọ̀pá rẹ̀ ti ara mọ́tò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn fúnra rẹ̀. Kò rí i tú. Mo bá a tú u. A kó irin Àjàyí sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Hàwá fi hàn wá ibi tí a ó kó wọn sí lẹ́yìn ahéré rẹ̀. Fáìsì ló kẹ́yìn.

Káyọ̀dé yí kọ́kọ́rọ́. Mọ́tò dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó gbé wa lọ gẹ́rẹ́ bí ìgbà àlọ, a sì rí epo ní Ìlọrin.

ÌKẸ́RẸ́

Ilẹ̀ mọ́ bá wa lábẹ́ àwọn òkè olókùúta Ìkẹ́rẹ́. Káyọ̀dé dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ kí a lè bọ́jú. Bọ́sẹ̀ ìyàwó rẹ̀ gbé omi jáde, ó ń kí wa kú ewu, ó ń bọ̀. Ó dé ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, ó sún sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó tún bọ̀ wá. Ó gbé omi náà fún mi ní ọwọ́ méjèèjì.

Mọ́tò ń kùn ní gbogbo ìgbà tí a fi wà níbẹ̀. Káyọ̀dé kò pa á, kò sì sí ẹni tó sọ fún un.

ÌṢẸ́

Gbogbo ilé ti dìde. Ibùsùn tí a ó tẹ́ ẹ sí ti wà ní yàrá, wọ́n ti fi aṣọ funfun bò ó. Bàbá ìjọ wa àti ọkùnrin tó wá wẹ òkú ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wọn pẹ̀lú pósí. Wọn ò pẹ́. Bàbá ìjọ jáde, ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ní àwọn ti tún pósí náà dé, pé ká má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní ká ṣí i mọ́, pàápàá ọmọ náà.

Fọlákẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó ti wọ aṣọ dúdú, ó di orí rẹ̀ dáadáa bí ẹni tó fẹ́ lọ kí àgbà. Ó ti ń wo ojú mi láti ìgbà tí bàbá ìjọ ti ń sọ̀rọ̀.

"Bàbá kékeré, wọ́n ti tẹ́ ẹ?"

"Wọn ò ní tẹ́ ẹ, ọmọ mi."

"Èé ṣe?"

"Kò ṣeé wò mọ́."

Kò ké. Ó ní, "Wọ́n sọ lórí fóònù pé ojú rẹ̀ mọ́."

"Ó mọ́. Ní Kọ́ńtàgórà ni. Epo tán mọ́ wa lọ́wọ́ nínú oòrùn. Irin rẹ̀ tó wà lórí mọ́tò ló mu epo náà."

Ó wo ìta, ó wo orí mọ́tò Káyọ̀dé. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Irin náà dà?"

"A já a sílẹ̀ ní Bódè Sáadù."

"Nígbà wo?"

"Nígbà tí epo tán."

Fọlákẹ́ wò mí títí. Ó ní, "Ẹ lè já a sílẹ̀, ẹ wá dúró títí epo fi tán."

Bàbá Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ jókòó sórí àpótí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbọ́ ọ, ó dorí kodò. Ọmọ náà wọ yàrá lọ, ó gbé ọwọ́ lé orí pósí níbi tó rò pé ojú bàbá rẹ̀ wà. Òdì kejì ni ojú wà. Kò sí ẹni tó lè sọ fún un.

A sin Jósẹ́fù Àjàyí ní ọjọ́ náà gan-an, ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìsìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dúpẹ́ ìyàwó rẹ̀. A kò ṣí pósí.